Igi Tí Mo Fi Iyọ̀ Gbìn

Orí àbùùbùtán ni mo jókòó sí tí mo fi dé ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi ẹja náà léèrè. Etí òkun lẹ́yìn Etikan ló ti gbé mi. Ó ní kí n di ẹ̀yìn òun mú dáadáa, nítorí òun kì í padà sẹ́yìn fún èrò tó bá já sómi. Mo dá iná sẹ́yìn rẹ̀, mo yan ẹja jẹ, ara kò ta á. Nígbà tí òjò dé, ó lanu, mo wọlé, mo sùn lórí ahọ́n rẹ̀. Àwọn tó wọ bàálù lọ sọ fún mi pé wọ́n ní kí àwọn bọ́ bàtà, kí àwọn bọ́ ìgbànú. Èmi ò bọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò parí síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́, òun ni mo sì fẹ́ kọ. Ẹ fara da ìwé mi o. Ọkọ̀ ojú omi ni tísà wa máa ń wọ̀ wá sílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí omi bá ru, kò ní wá, omi tiwa sì fẹ́ràn kó máa ru. Ibi tí ìwé mi dé náà ni ìjì bá a.

Bánkẹ́ ọmọ mi ló ní kí n máa bọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kò ráyè. Iye rẹ̀, ìyàwó mi, ní òun kò lọ síbì kan, ta ni yóò máa yan ẹja òun? Bí èmi nìkan ṣe dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo dé, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí mi méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́nu mi, mo sì ti pa sìgá tì láti ìgbà tí Bánkẹ́ wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni igi. Igi gidi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá nínú pálọ̀, ó ga ju Bánkẹ́ lọ, ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ó pín wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọ àgbọn.

Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde.

"Bàbá, ẹ wọlé, òtútù ń wọlé."

"Ṣé inú ilé nibí ni, àbí ẹ̀yìnkùlé?"

"Inú ilé ni, Bàbá."

"Kí ni igi ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń gbé ibẹ̀ ni."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ fìlà, mo wọlé, mo gba ẹ̀gbẹ́ igi náà kọjá jẹ́jẹ́, bí ènìyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ àlejò tí wọn kò tíì fi hàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bánkẹ́ ní pálọ̀. "Bàbá, ẹ kúurọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo dáhùn láti inú yàrá. "A dúpẹ́, ọma mi. Ìbora yìí tó nípọn bíi Bíbélì ni kò jẹ́ kí n lè yíra."

"Há, ẹ ti jí? Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń kí."

Mo jáde sí i. Àwa méjì péré la wà nínú ilé náà. "Ta wá lò ń kí?"

Ó fi ojú tọ́ka sí igi. Ojú tì í díẹ̀. "Bàbá ni mo sọ ọ́ kí ẹ tó dé."

"Bàbá ta ni?"

"Ẹ̀yin náà."

N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú. Wọ́n ti fi mí joyè, igi ló sì ń dé adé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Bánkẹ́ bá ti pe Bàbá nínú ilé, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn, kí n lè mọ̀ bóyá èmi ló ń pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí lójú mi. Lọ́dọ̀ wa, orí omi ni ilé wà. Igi ẹ̀gbà ni òpó rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, bí o bá ń jẹun tí ẹyọ ẹja kan bá já bọ́ láàárín pákó, ó ti padà sílé rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ní iyanrìn díẹ̀ lẹ́yìn ilé, olówó ni, àgbọn ló sì máa gbìn sí i. Níbí wàyí, ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí ẹní. Wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ra ilẹ̀ nínú àpò, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n gbin igi sí i. Òjò ń rọ̀ níta, àwọn ń fi ife bomi fún igi nínú ilé. Mo ro ó síwájú, mo ro ó sẹ́yìn, kò yé mi. Mo bi Bánkẹ́. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe níbí nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo bá bi í, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Ìkíni ló fẹ́ pa mí. Mo máa ń jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, n kò kúkú lọ síbì kan, mo fẹ́ rí ojú ènìyàn ni. Ẹni tó bá kọjá, mo á kí i. Wọn kì í dáhùn. Àwọn mìíràn á fọwọ́ tọ́ àpò wọn wò. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lórí omi tí wọn kò kíra, ogun ti dé nìyẹn. Ìyá òyìnbó arúgbó kan tó ń mú ajá rìn ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Mo sáré padà lọ sọ fún Bánkẹ́ bí ẹni tó pa ẹja àrọ̀ tó tó ọkọ̀.

Wọ́n tún fún mi níṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ̀ mí ní kóòtù pupa rúsúrúsú tó ń tàn bí iná, wọ́n fún mi ní ọ̀pá gígùn tó ní àwo rìbìtì lórí, wọ́n ní kí n dúró sójú títì nítòsí ilé ẹ̀kọ́, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ kọjá, kí n na ọ̀pá náà. Mo nà á. Mọ́tò dúró! Bọ́ọ̀sì gìrìwò, ó dúró! Èmi tí a bí síbi tí kò sí títì, tó jẹ́ pé mo ti gbọ́n tán kí n tó rí mọ́tò, èmi ni mo ń dá mọ́tò òyìnbó dúró. Iye Bánkẹ́ kò gbà gbọ́ nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù. Ó ní bóyá àwọn ọlọ́kọ̀ náà ń dúró kí wọ́n lè wò mí dáadáa ni.

Ẹnu iṣẹ́ yẹn la wà nígbà tí ibi iṣẹ́ Bánkẹ́ ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ nílùú mìíràn. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó mú mi lọ sídìí igi náà, ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí n jókòó.

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Ẹ má bomi sí i àfi tí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ. Díẹ̀ ni o. Ẹ máa fi aṣọ tútù nu ewé rẹ̀. Ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà."

"Ṣé kí n máa gbà á níyànjú náà?"

"Bàbá, mi ò ṣeré o." Ó gbé ìdí ìkòkò náà sókè díẹ̀ kí n wò ó. Gbòǹgbò ti ń yọ níhò ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ti gba ẹnu bàtà jáde. "Ìkòkò yìí ti kéré jù fún un. Mo ti ra tuntun, mo ti ra ilẹ̀, wọ́n wà ní bálíkónì. Tí mo bá dé, àwa méjèèjì la máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a ṣe."

"Igi lásán, Bánkẹ́."

Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ kò gbéra rárá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, òtútù ọdún náà, ó máa ń tibi iṣẹ́ bọ̀ wá sínú yàrá kan, ọ̀sẹ̀ á parí láìjẹ́ pé ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀. Ó ní ó dé ibì kan tí òun ń gbàgbé bí ohùn òun ṣe rí. Ó wá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó rí igi kékeré yìí, ó jọ àgbọn ẹ̀yìn ilé ìyá mi. Ó gbé e lọ sílé. Láti ìgbà náà ló ti ń kí i láàárọ̀, tó ń ròyìn iṣẹ́ fún un nírọ̀lẹ́. "Tí kì í bá ṣe òun ni, Bàbá, bóyá orí mi ì bá ti dàrú. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Tó bá kú, mi ò mọ ohun tí màá ṣe."

Mo ní, "Lọ ní àlàáfíà. Èmi àti òun, Bàbá àti Bàbá ni."

Ó lọ. Ilé dákẹ́. Mo ki ìka bọlẹ̀ láàárọ̀, mo ki í bọlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo nu ewé. Mo kí i, nítorí n kò rí ẹlòmíràn kí. Ṣùgbọ́n àwọn gbòǹgbò tó ń yọ nísàlẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo bá pe ilé.

Ọ̀dọ̀ wa, etí èbúté ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń mú, nítorí náà bí o bá pe ìyàwó rẹ, gbogbo èbúté lo pè.

"Bàbá Bánkẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ ìrẹsì."

"Ìrẹsì náà ni? Ẹyẹ ni wọ́n sọ yín dà ni? Wọn ò ní púpurù ni?"

"Iye Bánkẹ́, fi púpurù sílẹ̀. Igi kan wà nílé níbí, mo fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀. Ẹbí àgbọn ni."

"Ṣé ó ti ń so?"

"Báwo ló ṣe máa so? Inú pálọ̀ ló wà."

Mo gbọ́ tó yíjú sí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n gbin àgbọn sínú pálọ̀ o!"

Èbúté hó fún ẹ̀rín. Oríyọmí, tó ń fi ọkọ̀ ẹnjìnnì kó èrò láàárín Zion Pepe àti ọ̀dọ̀ wa, já fóònù gbà. "Bàbá, tí àgbọn bá já lu tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ta ló máa san án?"

"Gbé fóònù fún ìyàwó mi, ìwọ aláìníṣẹ́ yìí."

"Mo ti ń gbé e fún wọn. Ẹ ṣáà fún un níyọ̀ o! Àgbọn tí kò bá jẹ iyọ̀, adágún lásán ló wà nínú rẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn," ni Iye Bánkẹ́ wí. "Iyọ̀ nísàlẹ̀ ihò, kí ẹ tó gbé e lé e. Àbí ẹ ti gbàgbé bí ìyá yín ṣe ń ṣe é?"

Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Kò sí àgbọn kan tí ìyá mi gbìn létí òkun tí kò kọ́kọ́ fi iyọ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, eérú díẹ̀, ó tán. A gbin àgbọn báyìí, àwọn àgbọn náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùpá fi máa ń kọsẹ̀ lára wọn, tó máa ń bú wa láti òkè.

Bánkẹ́ ní kí n má dá a ṣe. Mo sì dá a ṣe. Kí ló dé? Mo ti bi ara mi léèrè títí ó ti sú mi. Mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ kó dé, kó bá iṣẹ́ náà ní píparí, kó lè sọ pé Bàbá òun ṣì wúlò. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá ń nu ewé igi náà, mo máa ń rò ó pé Bàbá kan ti pọ̀ jù nínú ilé yìí. Ìyẹn náà lè jẹ́ òtítọ́. N kò mọ èyí tó gbé ìkòkò yẹn lọ́wọ́ mi.

Mo tẹ́ ìbora àtijọ́ sí pálọ̀. Mo dá igi náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń tẹ́ aláìsàn, mo gbá ìdí ìkòkò, ó kọ̀, mo tún gbá a, ó jáde pẹ̀lú ariwo bí ẹni fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n tí ìjì ti yí po. Ẹ ò rí i, àwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Mo jókòó, mo fi ìka tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, okùn kan kò já. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì dúró fún mi lọ. Mo wá mú iyọ̀ ní kíṣìnnì, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun. Ilé tí wọn kì í dáná igi kò ní eérú, nítorí náà mo fi iyọ̀ kún iyọ̀ dípò eérú. Mo da ilẹ̀ inú àpò lé e, mo gbé igi sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi tí mo fi ṣan ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dà á sí i, kó lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ará ilé lòun wà.

Ó dúró bí ọba nínú ìkòkò tuntun náà. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo sọ fún un pé, "Wàá sọ fún Bánkẹ́ fúnra rẹ."

Kò pẹ́ tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi pé wọ́n fi iná jó o. Mo rò pé oòrùn ni, oòrùn wo? Òun náà ò jáde wá síbí. Mo rò pé òtútù ni. Mo fi ìbora yí i ká. Ó ń pọ́n sí i. Mo rò pé iyọ̀ náà kò tó, mo tún wọ́n díẹ̀ sí i lókè. Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ ohun tó ń ṣe é, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi ò mọ̀. Ohun tó ń mú àgbọn wa lókun ni mo fún un. Bí ènìyàn bá fún ọmọ lọ́mú tí ọmọ ń rù, ṣé ọmú ló máa kọ́kọ́ fura sí?

Bánkẹ́ máa ń pè, a ó sì máa rí ojú ara wa nínú fóònù.

"Bàbá, ẹ fi Bàbá hàn mí."

Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú mi.

"Èkejì, Bàbá."

"Ó ń sùn."

"Bàbá!"

Mo bá mú fóònù lọ sí apá ibi tí ewé díẹ̀ ṣì tutù, mo yí i kíákíá, mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fẹ́ já. Lọ́jọ́ kejì mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé gbogbo ṣóńṣó tó ti jó, mo gẹ̀ ẹ́ bí ẹni gẹrun fún ọmọ tó ń lọ síléèwé. Ó rí tónítóní fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ibi tí mo gé náà tún pọ́n. Mo pe ìyá òyìnbó alájá ọjọ́sí, tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, wọlé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó wò mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ gbólóhùn kan jẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́. Mo mọ ohùn yẹn ṣá. Ohùn tí wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀ ni.

Ní àkókò yẹn, bí mo bá na ọ̀pá sójú títì tí mọ́tò dúró, n kì í mọ ìgbà tí àwọn ọmọ ti kọjá tán. Àwọn awakọ̀ á máa fun fèrè. Mo ń ro Bánkẹ́. Mo ń ro bó ṣe sọ pé òun kò mọ ohun tí òun máa ṣe. Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé èmi náà dà bí igi náà, pé wọ́n tú mi nílẹ̀ kan gbìn sí òmíràn. Pásítọ̀ kan níbí ti wàásù báyẹn, gbogbo ènìyàn sì sunkún. Èmi kì í ṣe igi. Igi kì í parọ́ lórí fóònù.

Ọ̀sán ni Bánkẹ́ dé. Mo ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo dìde dúró síwájú igi náà, mo na agbádá mi sọ́tùn-ún sósì bí ẹni fẹ́ dá mọ́tò dúró.

"Bàbá, ẹ kú ilé o."

"Káàbọ̀, ọma mi. Ṣé o gbádùn ọ̀nà? Jókòó. Lọ wẹ̀. Jẹun ná."

"Kí ló wà lẹ́yìn yín?"

"Ògiri ni."

Ó rọra fọwọ́ mú mi léjìká, ó yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó fọwọ́ kan ewé kan, ewé náà já sí i lọ́wọ́. Ó wo ìkòkò tuntun, ó wò mí. Ó rí nǹkan funfun tó ti gbẹ mọ́ etí ìkòkò yíká. Ó fi ìka kàn án, ó fi kan ahọ́n.

Ọmọ etí òkun ni. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹnì kan sọ fún òun.

"Iyọ̀," ló wí.

"Díẹ̀ ni."

"Bàbá. Ẹ fún un níyọ̀."

"Ìyá mi..."

"Mo mọ̀ pé ìyá yín ni!" Ohùn rẹ̀ wá gbéra wàyí, ó sì já lójijì. "Àgbọn létí òkun nìyẹn, Bàbá! Iyanrìn ni, òjò ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́! Inú ìkòkò nibí, iyọ̀ náà kò ríbi lọ! Mo ní kí ẹ má dá a ṣe. Mo sọ fún yín. Ẹ kàn ní láti má ṣe nǹkan kan ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi, bàbá rẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Bánkẹ́, mo bẹ̀ ọ́."

Ó kígbe. "Bàbá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kó bá mi lórí ni? Ẹ dìde!" Ó ń fà mí lápá, ó ń sunkún, mo wúwo, eékún mi kò sì gbọ́ràn, àwa méjèèjì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. Ibẹ̀ la jókòó sí. Ó gbé orí lé èjìká mi, kò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Ó fi apá kóòtù nu ojú.

"Ṣé ìyá mi mọ̀ sí i?"

"Gbogbo èbúté ló mọ̀ sí i."

Ó pè wọ́n níbẹ̀ náà. "Iye mi, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi iyọ̀ sí igi mi?"

"Ṣé kò tíì so?" ni Iye Bánkẹ́ bi í.

Bánkẹ́ wò mí. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún ló mú un, n kò mọ̀ títí di òní. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń lu itan mi pàpàpà.

Ó bọ́ kóòtù. Ó ní ká gbé e lọ sí balùwẹ̀. A tú u kúrò nínú ìkòkò, a tẹ́ ẹ sínú ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀, a ṣí omi lé gbòǹgbò rẹ̀ títí gbogbo ilẹ̀ oníyọ̀ náà fi ṣàn lọ. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, ó ń rùn bí iṣu tó jẹrà. Bánkẹ́ ń gé e, èmi ń di igi mú. Nígbà tí a dé àárín, ó rí díẹ̀ tó ṣì funfun. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó le, ó tutù, bí okùn tuntun. Ọ̀pọ̀ ìtì tẹ́ẹ́rẹ́ ló pa pọ̀ hù láti ìdí kan náà. A gé gbogbo èyí tó ti kú, ó ku tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, a sì gé ewé rẹ̀ tó gbẹ. A gbé e padà sínú ìkòkò kékeré àtijọ́, a da ilẹ̀ tuntun sí i.

"Kò sí iyọ̀," ni mo wí.

"Kò sí iyọ̀," ni Bánkẹ́ wí.

A gbé e síbi fèrèsé. Pálọ̀ wá tóbi lójijì, kò dára lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Bánkẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, ó dúró níwájú rẹ̀, kò kí i. Ó yà sí yàrá mi, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ròyìn gbogbo ẹ̀kọ́ tó lọ kọ́ fún mi, arúgbó wo ló gé ẹlòmíràn jẹ, ọ̀gá wo ló ń sùn nídìí iṣẹ́. Mo dákẹ́, mo gbọ́ ọ. N kò mọ ohun tí n bá sọ. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ ọ́ fún igi.

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Lọ́jọ́ kan mo ti ẹnu iṣẹ́ dé, mo sì rí i: ewé tuntun, tó lọ́ bí ìwé tí wọ́n ká, tó tutù bí ìgbín, tó ń ti ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìtì náà jáde. Mo pariwo. Bánkẹ́ sáré jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ó rí i, ó fò mọ́ mi, a jó yí pálọ̀ ká, ajá ìsàlẹ̀ ilé ń gbó, ìyá alájá wá kanlẹ̀kùn, òun náà bá wa jó.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Bánkẹ́ fi gba ẹ̀yìn mi kà á. Ó ní, "Bàbá, ewé wo?"

Mo ní, "Èyí tó ń bọ̀."

Ó ní kí n kọ òtítọ́, nítorí àwọn ènìyàn máa ń gba ohun tó wà nínú ìwé gbọ́. Ó dára. Ewé náà ni mo fi kún un, àti ijó tí a jó sí i. Kò sí ewé kankan. Ìyókù tí mo sọ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìtì náà wà níbi fèrèsé báyìí. Bí o bá họ ọ́ lókè, ó gbẹ, bí o bá họ ọ́ nísàlẹ̀, ó tutù. A ò tíì mọ èyí tó máa borí.